Ọ̀bẹ Orí Ìṣó Keje

"Ta ló mú ọ̀bẹ mi?"

Ọ̀gá Oríkèé ló béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí kíláàsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ìṣó keje lára pátákó ọ̀bẹ, ọwọ́ náà sì dúró gbagidi bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bọ ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ tí ọ̀rẹ́ kọ̀ jálẹ̀. Ìṣó náà ṣófo. Ọkùnrin mẹ́tàlá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé iwájú wọn ṣí sílẹ̀. Níta, akọ màlúù kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ń ké bí ohun tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́.

Obìnrin tó wà níwájú pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Kọ́mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ *Mo ra ọṣẹ, iyọ̀, abẹ́rẹ́* sílẹ̀ ni, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ọgbà yọjú lójú fèrèsé pé akọ màlúù ti já bọ́ láti inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ ti kán, kí Ọ̀gá tètè wá pa á. Ọ̀gá dìde láti lọ mú ọ̀bẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú.

Ilé ìpẹran ni ibẹ̀. Yàrá tí àwọn alápatà ti ń pààrọ̀ aṣọ ni wọ́n sọ di kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti aago méjìlá ọ̀sán tí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ tán, di aago méjì tí agogo iṣẹ́ bá tún lù. Ìwé ìjàǹbá ló gbé olùkọ́ wọ ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, máníjà sì ti kà á títí ojú fi ń ro ó. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Màlúù tàpá ọ̀gá ṣubú ọ̀bẹ wọ itan màlúù kú ọ̀gá ò kú a gbé e lọ.* Máníjà kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé lọ. Ó ní òun ò sọ pé kí wọ́n di ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n sáà mọ ibi tí èèyàn ti ń mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, etí ikún ni wọ́n kọ sí Àǹtí. Ó ṣàlàyé kọ́mà, àmì ìdánudúró díẹ̀, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Bí àwọn kan ti ń fi í sẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ bí akólòlò, ni àwọn yòókù ń kọ̀wé lọ láìmí bí ẹni tí ajá ń lé. Lọ́jọ́ kan ó tètè dé, ó dúró lẹ́nu gbọ̀ngàn ìpẹran, ó ń wo Ọ̀gá Oríkèé bó ṣe ń tú itan màlúù. Ọkùnrin náà ò gé eegun. Ó fi àtàǹpàkò wá oríkèé, ó ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, itan sì já wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó ṣe wọ kíláàsì ló sọ fún wọn pé gbólóhùn náà ní oríkèé, pé ibi tí ọ̀bẹ bá ti lè wọlé láìkan eegun ni kọ́mà ń gbé. Láti ọjọ́ náà lojú wọn ti là. Ọ̀gá Oríkèé wá ń yangàn káàkiri pé òun lòun kọ́ Àǹtí níṣẹ́.

Ọ̀bẹ kì í bá wọn jókòó ní kíláàsì. Ìṣó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lára pátákó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kálukú ní tirẹ̀, wọ́n sì ti fi irin gbígbóná jó nọ́ńbà sára èkù ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àgbà, olórí wọn tẹ́lẹ̀, ló fi òfin lélẹ̀ kí ó tó kú: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ọ̀bẹ ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì mú un láìtọrọ, wọ́n á gé ìka kan lára ọwọ́ tó fi mú un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Mẹ́sàn-án, nítorí ìka mẹ́sàn-án ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìjàǹbá, ẹ̀rọ ìlọran ló jẹ ìkẹwàá.

Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀, akọ màlúù ló kàn án pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ìwo wọ abẹ́ ìhà rẹ̀, ó gbé e nílẹ̀, ó ń gbé e kiri gbọ̀ngàn bí ẹni gbé aṣọ tútù. Ọ̀gá Oríkèé, tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ gbé kọ́ sórí ìṣó kìn-ín-ní kó tó gbé tirẹ̀ kọ́, òun ló yọ ọ́ kúrò lórí ìwo. Látìgbà náà ni ọ̀bẹ òkú ti wà lórí ìṣó kìn-ín-ní. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá dé iwájú rẹ̀, wọ́n á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn, ó ki irin ìdábùú bọ̀ ọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tú yàrá náà. Wọ́n da bẹ́ǹṣì dé, wọ́n tú àpò gbogbo wọn sílẹ̀, wọ́n gbọn bàtà. Ẹnì kan ráhùn pé èyí ti ń pọ̀ jù, Ọ̀gá sì fọ́ ọ létí débi pé eyín rẹ̀ gé ahọ́n rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì. Mẹ́sàn-án na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ òun, òun ti san tòun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló ni ìṣó kẹjọ. Òun ló ń bó awọ ẹran, ara rẹ̀ kéré, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i lẹ́nu. Lọ́la ni ìdánwò. Ẹni tó bá gbapò kìn-ín-ní, máníjà á gbé e kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń kọ bí ẹran ṣe wúwo sí, gbogbo kíláàsì ló sì mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ló ni ín. Ó ti sọ fún Àǹtí rí ìdí tí òun fi ń fẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin òun ò tíì pé ọdún méjì, bí òun bá gbé e, á bú sẹ́kún, á máa ti òun láyà. Òórùn ẹ̀jẹ̀ ni, ìyàwó òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní màlúù nìkan ló ń jẹ́ kí òun gbé e mọ́ra. Àǹtí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó délé, ó ń rò ó.

Nísinsìnyí, ó rí i bí ojú àwọn ọkùnrin náà ṣe ń yí padà. Mẹ́tàlá péré ni wọ́n, àmọ́ yàrá náà ti há mọ́ wọn, kálukú ń wo ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹnì kan fẹ́ jìyà kí agogo tó lù. Bí kò bá sí ẹni tó jẹ̀bi, wọ́n á dá ọ̀kan.

"Ẹ fún mi láyè títí agogo á fi lù, Ọ̀gá," Àǹtí wí. "Kí kálukú kọ ohun tó ṣe láti ìgbà tó ti wọ yàrá yìí, nínú gbólóhùn kan. Irọ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti mí. Ẹni tó bá mú un, ìwé rẹ̀ á tú u."

Ọ̀gá Oríkèé wo aago ara ògiri. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́.

"Ṣùgbọ́n ẹ yọ tèmi kúrò," ó ní. "Wọ́n jà mí lólè, ẹ tún fẹ́ fún mi níṣẹ́ àṣetiléwá."

Wọ́n kọ ọ́. Kò sí ohun tó ń dún ju bírò lọ, àti akọ màlúù tó ń ké níta. Ọ̀gá nìkan ni wọ́n yàn láti máa pa èyí tó bá ṣèṣe, ọ̀bẹ rẹ̀ nìkan ló sì lè fi pa á. Ẹran náà á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó ti ilẹ̀kùn, ó ń fi èékánná họ itan ara rẹ̀ títí ó fi bó.

Àǹtí gba ìwé mẹ́tàlá jọ, ó mú bírò pupa. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àṣìṣe ṣe. Ẹnì kan kọ: *Mo wọlé mo bọ́ bàtà mo fi ọ̀bẹ kọ́ mo jókòó ebi ń pa mí.* Ó fi kọ́mà mẹ́rin sí i. Ẹlòmíràn fi kọ́mà sẹ́yìn orúkọ ara rẹ̀. Ti Mẹ́sàn-án dára: *Mo wọlé, mo fi ọ̀bẹ kọ́, mo jókòó, mi ò mú nǹkan kan, mi ò ní mú nǹkan kan mọ́ láyé.* Ìwé méjìlá, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n wọlé, wọ́n fi ọ̀bẹ kọ́, wọ́n jókòó, wọn ò dìde mọ́. Ó ń kà á lọ, ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀, nítorí bí kò bá sí ẹni tó dìde, kò sí ẹni tó mú un.

Ìkẹtàlá ni ti Jẹ́jẹ́.

*Mo fọ ọwọ́, mo wọlé, mo fi ọ̀bẹ kọ́, mo jókòó, Àǹtí rán mi lọ gba ṣọ́ọ̀kì wá ní ọ́fíìsì, mo jáde, mo gba iwájú ọ̀bẹ kọjá, mo wọlé padà, mo jókòó.*

Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ìka Àǹtí dúró sórí ìwé náà. Òun ló rán an. Ṣọ́ọ̀kì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó wojú kíláàsì, ó yan ẹni tó máa tètè dé. Ó fẹ́ fi ìwé náà sábẹ́ àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ìyára ọwọ́ rẹ̀ ló tú u fó. Ọ̀gá Oríkèé ti dìde. Ó já a gbà, ó gbé e sójú, ó kà á sókè.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò ka gbólóhùn gígùn já láìkọsẹ̀. Ní gbogbo kọ́mà, ó ń mí díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe kọ́ ọ. Kò sẹ́ni nínú yàrá náà tí kò gbọ́ ọ yé.

"Òun nìkan ló jáde," ó ní.

"Èmi ni mo rán an, Ọ̀gá."

"O rán an ní ṣọ́ọ̀kì. Ṣé o rán an ní ọ̀bẹ?"

Ọ̀sẹ̀ méje gbáko, *ẹ* ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí *o* yẹn ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni Àǹtí ti mọ̀ pé òun kì í ṣe olùkọ́ nínú yàrá yẹn mọ́.

Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ bá Jẹ́jẹ́ ní párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ṣubú lu bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì sì ṣẹ́. Kó tó dìde, bàtà mẹ́ta ti wọ ìhà rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó, tí wọ́n ń wo ìwé rẹ̀ dà kọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn náà ló ń tàpá jù, bí ẹni pé ìtàpá kọ̀ọ̀kan ń wẹ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n tú ṣòkòtò rẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹnì kan ní ó ti jù ú sẹ́yìn ògiri nígbà tó jáde. Ìyẹn náà tó wọn. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde láàárín eyín rẹ̀. Ó ní ibi tí òun fẹ́ lọ lọ́la, bírò ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kí lòun fẹ́ fi ọ̀bẹ wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ló tún bí wọn nínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àǹtí sáré lọ sójú fèrèsé, ó ké sí ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Ọkùnrin náà wá, ó yọjú, ó rí bí wọ́n ṣe yí Jẹ́jẹ́ ká. Ó bi í bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni. Nígbà tí Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣọ́ ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì padà sọ́dọ̀ màlúù. Àǹtí yípadà, ó fi èjìká ya àárín wọn, ó dùbúlẹ̀ lé Jẹ́jẹ́ lórí. Ìgúnpá kan bá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ ya. Ọkùnrin méjì gbé e nílẹ̀ bí ẹni gbé àga, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti pátákó ìkọ̀wé, wọ́n dì í mú síbẹ̀, ọṣẹ àti iyọ̀ àti abẹ́rẹ́ pa rẹ́ mọ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn.

Tábìlì olùkọ́ ni wọ́n fà sáàárín. Wọ́n mú Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀ tì í.

"Ọwọ́ wo lo fi mú un?" Ọ̀gá bi í.

Àǹtí rí Jẹ́jẹ́ tó ń rò ó, ó ń rò ó bó ṣe máa ń ro gbólóhùn kó tó fi bírò kan ìwé. Bó bá ní òun ò mú un, ìka ọwọ́ tó ń lò ni wọ́n á gé. Bó bá ní òun mú un, ó ti gba orúkọ olè, ṣùgbọ́n òun ni yóò yan ọwọ́.

"Òsì," ó ní. "Òsì ni mo fi mú un, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́. Òsì ni."

Àwọn ọkùnrin náà mí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti jẹ́wọ́. Ẹnì kan ní ṣé wọ́n ti rí i báyìí. Ọ̀gá Oríkèé tẹ̀ síwájú, ó wo Jẹ́jẹ́ láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń wo ẹran tó fẹ́ tú.

"Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wò ọ́ lẹ́nu iṣẹ́," ó ní. "Mi ò rí ọ rí kó o fi òsì mú ọ̀bẹ."

Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé tábìlì. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà nígbà náà. Ó gé ẹnì kan jẹ lápá, ó fi orí kan imú ẹlòmíràn títí ó fi ṣẹ́. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó lé e kó tó dúró. Ọ̀gá wá na ọwọ́ sí ìṣó kẹjọ, ó mú ọ̀bẹ Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀. Mẹ́sàn-án rán an létí òfin, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ọ̀gá ní ọ̀bẹ olè kì í ṣe ọ̀bẹ ẹnikẹ́ni.

Àǹtí bẹ̀ ẹ́. Ó pè é ní bàbá, ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, ó ní bí ó bá jẹ́ ìka ni, kó wá gé tòun, òun lòun rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́. Ó fẹ́ pa ojú dé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kọ̀. Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò wá oríkèé ìka ìfábẹ̀lá, ní ìdí rẹ̀ gan-an, ibi tí bírò máa ń gbára lé. Ó ki ṣóńṣó bọ̀ ọ́. Kò kan eegun. Ó já.

Igbe Jẹ́jẹ́ àti ti màlúù wọ ara wọn. Lẹ́yìn náà, màlúù nìkan ló kù.

Wọ́n fi Àǹtí sílẹ̀. Ó ya ìṣẹ́tí aṣọ ara rẹ̀, ó dì í mọ́ ọwọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ gba inú aṣọ jáde, ó tún ya òmíràn. Jẹ́jẹ́ ti dákú sí itan rẹ̀. Ọ̀gá Oríkèé nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò, ó gbé ìwé ìjàǹbá sílẹ̀ níwájú Àǹtí, ó ṣí i, ó fi bírò pupa lé e. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ti padà sí ohùn ẹni tó wà ní kíláàsì.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa fún wa, Àǹtí. Ilẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, ọ̀bẹ rẹ̀ gé e. Ẹ fi kọ́mà sí i níbi tó yẹ."

Kò kọ ọ́. Kò sì sọ pé òun ò ní kọ ọ́. Agogo lù.

Bí agogo bá ti lù, iṣẹ́ dé nìyẹn. Wọ́n yọ irin ìdábùú kúrò, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹni tí imú rẹ̀ ṣẹ́ di imú mú, ó fi ọwọ́ kejì mú ọ̀bẹ rẹ̀. Ìṣó kẹẹ̀ẹ́dógún ṣófo, ìkẹrìnlá ṣófo. Wọn ò wo ẹ̀yìn, wọn ò wo ara wọn. Mẹ́sàn-án mú tirẹ̀, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó jáde. Èkù kan tẹ̀lé èkù kan, títí pátákó náà fi ṣí sílẹ̀ dé ìṣó kejì, igi lásán pẹ̀lú orí ìṣó tó ń dán.

Ọ̀gá Oríkèé ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ Jẹ́jẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń lọ pa màlúù. Ó dé iwájú ìṣó kìn-ín-ní, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kọjá.

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí Jẹ́jẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Pátákó náà ló kọjú sí. Òun kì í ṣe alápatà, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ láti yí ojú. Ọ̀bẹ méjì ló wà lórí ìṣó kìn-ín-ní. Ti òkú wà lẹ́yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Èyí tó wà níwájú mọ́ tónítóní, wọ́n gbé e kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọwọ́ tó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbé ọ̀bẹ kọ́ síbẹ̀ tí kò nílò ojú mọ́, nọ́ńbà méje sì wà lára èkù rẹ̀.